Ẹ Jẹ́ Ká Pe Ohun Tí A Ò Mọ̀ Ní x

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin tún ìdánwò ìṣirò ṣe, èmi náà bá a ṣe é. Kì í ṣe pé mo fẹ́ máa ṣọ́ ọ, kì í sì í ṣe àwàdà. Ìwé ẹ̀rí náà ni mo nílò.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀dọ̀ àwa tí à ń dì í sínú ọ̀rá àti páálí. A ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé e bọ̀, ọwọ́ ò gbọdọ̀ sinmi, ẹsẹ̀ náà ò sì rí ìsinmi. Nígbà tó di ọjọ́ kan, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí a ti ń jẹun pé àwọn fẹ́ mú òṣìṣẹ́ díẹ̀ wọ yàrá àyẹ̀wò, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń yẹ bisikíìtì wò bóyá ó dára kó tó jáde lọ sí ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé mẹ́wàá, ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó yege.

Mo ní ìwé mẹ́wàá. Ìṣirò ni kò sí nínú ẹ̀. Ọdún tí mo ṣe é, bàbá mi ń ṣàìsàn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní ilé ìwòsàn ni mo wà lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe ìṣirò. Mo sọ fún ara mi pé màá padà wá tún un ṣe. Ìgbéyàwó dé, ọmọ dé, iṣẹ́ dé, bí mo ṣe gbàgbé ẹ̀ nìyẹn.

Ti ọmọ mi yàtọ̀ sí tèmi. Òun ṣe ìdánwò tiẹ̀ pé, gbogbo ìwé tó kù ló yege dáadáa, àfi ìṣirò. Iṣẹ́ apoògùn ló wù ú láti lọ kọ́ ní yunifásítì, kò sì sí yunifásítì tó máa gbà á láìní ìṣirò. Ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú.

Nígbà tí a ń jẹun lọ́jọ́ kan, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe ní Computer Village, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí wọ́n bá ń jẹun.

Mo ní, "Dádì, èmi náà fẹ́ bá ọmọ yìí ṣe ìdánwò yẹn."

Wọ́n gbójú sókè kúrò lára ìrẹsì. "Ìdánwò èwo?"

"Ìṣirò."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ, wọ́n tún wò mí. "Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì ni màá kúkú máa gbàdúrà fún."

Ọmọ mi ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kíláàsì kan náà la jọ máa wà ni?"

"Kíláàsì wo ni kí n tún lọ?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ máa jókòó sẹ́yìn."

Mo jókòó sẹ́yìn lóòótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ mi ti ń múra ìdánwò wà ní Ọgbà, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ tààrà, òórùn mílíìkì àti ṣúgà á sì ti bo aṣọ mi. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tí mi ò lè bí nínú wọn, sọ mí ní Mọ́mì Bisikíìtì. Kò dùn mí. Ọmọ mi ló ń dùn. Iwájú pátápátá ló ń jókòó sí, kì í sì í wẹ̀yìn. Tí ẹnì kan bá bi í léèrè pé ṣé màmá ẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ó máa ń ṣe bíi pé kò gbọ́.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́ wa. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, tí inú bá sì ń bí wọn, èdè Èkìtì ló máa ń já bọ́ lẹ́nu wọn. "Ìyá wa" ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ áljẹ́brà, ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rántí pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti máa ń dojú rú mọ́ mi lójú nílé ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé 2x + 5 = 17. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kan àmì tó wà láàárín.

"Ẹ wo àmì yìí. Ohun tó ń sọ ni pé ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì wúwo bákan náà. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é sí èkejì, kó má baà dà."

Mo mú márùn-ún kúrò lápá òsì, mo mú márùn-ún kúrò lápá ọ̀tún, ó ku pé x méjì jẹ́ méjìlá. Mo pín in sí méjì. Mẹ́fà! Mo fi mẹ́fà náà sípò x wò, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún gẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń ṣe é nínú kẹ̀kẹ́ bí mo ṣe ń padà lọ sílé ní Agége.

Àmọ́ ìdùnnú náà ò tíì rọlẹ̀ tí a fi dé ibi ìṣirò olọ́rọ̀. Ìyẹn ni èyí tí wọn ò ní kọ x kankan síbẹ̀ fún ọ. Ìtàn gbọọrọ ni wọ́n máa kọ, pẹ̀lú òyìnbó tó nípọn, pé ẹni báyìí rìn, ẹni báyìí rà, mélòó ló kù. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá x, ìwọ lo máa kọ ìdọ́gba, ìyẹn apá méjì tó wúwo bákan náà, jáde kó o tó lè ṣe é. Gbogbo kíláàsì ṣubú síbẹ̀. Ọmọ mi tí ọwọ́ ẹ̀ yá jù kàn kó gbogbo nọ́ńbà tó rí nínú ìbéèrè náà, ó rò wọ́n pọ̀. Bàbá yẹ ìwé ẹ̀ wò, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà nìkan lo ń ṣà jọ bíi pé o ń ṣa ẹ̀wà."

Ojú ti ọmọ náà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn, ìwé tèmi ò ní nǹkankan nínú rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ yí padà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà funfun ṣì wà lára wa. Mo bọ́ sí pálọ̀, mo bá ọmọ mi tó dorí kodò lórí ìwé ìṣirò, omijé ń kán sórí ẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò mọ ibi tí x yẹn wà. Gbogbo ẹ̀ mo kà, mi ò rí x níbẹ̀."

Èmi náà ò mọ ibi tó wà. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó sunkún mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní, "Gbé òyìnbó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé kejì lò ń sọ fún mi."

Ó nu ojú ẹ̀. "Wọ́n ní ìyá kan wà, ó ní ọmọ. Ọjọ́ orí ìyá náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ ẹ̀. Tó bá di ọdún méjìlá sí i, ọjọ́ orí ìyá náà máa wá jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ. Kí ni ọjọ́ orí ọmọ náà?"

"Ẹn-hẹ́n. Kí ni wọn ò sọ fún wa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọjọ́ orí ọmọ."

"Ṣé a lè lọ bi wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá, mà."

"Ó dáa, kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní x. Ọmọ náà, ọdún x ni. Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn 3x." Ojú ẹ̀ ti ń là. "Tó bá di ọdún méjìlá sí i, ìyá máa jẹ́ 3x + 12. Ó sì máa jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ. 3x + 12 = 2x."

Ó ṣe é, x di nọ́ńbà tó kéré sí òdo. Ó ju bírò sílẹ̀. "Ẹ ò rí i! Wọn ò tíì bí ọmọ yẹn!"

Mo gba ìwé náà. Mo tún ìtàn náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú orí mi, ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé, tí ọdún ń gorí ọdún. Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ní, "Dúró ná. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ìyá ti dàgbà. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó jókòó sójú kan tó ń wo ìyá ẹ̀ ni? Ṣé òun ò ní dàgbà ni?"

Ọmọ mi gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó he bírò nílẹ̀. Ó fi méjìlá kún ti ọmọ náà: 3x + 12 = 2(x + 12). Ó tú àkámọ́ náà, ó di 2x + 24. Ó yọ ohun tó yẹ kó yọ ní apá méjèèjì. Méjìlá ló bọ́ sílẹ̀. Ọmọ jẹ́ ọdún méjìlá, ìyá jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọdún méjìlá, ọmọ á di mẹ́rìnlélógún, ìyá á di méjìdínláàádọ́ta. Ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́!

A pariwo. A dìde nílẹ̀, a di ara wa mú, a ń fò pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn. Ọkọ mi sá jáde láti inú yàrá, wọ́n bi wá pé ta ló bímọ. Ọmọ mi ní, "Dádì, ọmọ náà ti pé ọdún méjìlá!" Wọ́n wò wá bíi pé nǹkan ti ṣe wá, wọ́n padà lọ sùn.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi á rò ó ní Yorùbá, màá wá ohun tí wọ́n fi pa mọ́, òun á kọ ìdọ́gba ẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, a pààrọ̀ iṣẹ́ náà, òun ń ròyìn, èmi ń kọ. Mo wá rí i pé kì í ṣe nọ́ńbà ló le lára ìṣirò yẹn. Kíkánjú ni. Èèyàn ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó ti fẹ́ dáhùn.

Bàbá Èkìtì ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dédé yí ìbéèrè tó wà nínú ìwé padà láti fi pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àwọn màlúù àti àwọn alápatà wà nínú ọgbà kan ní Oko Ọba. Mo ka orí gbogbo wọn pọ̀, ó jẹ́ ọgbọ̀n. Mo ka ẹsẹ̀ wọn, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Màlúù mélòó ló wà níbẹ̀?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kálukú dorí kodò lórí ìwé. Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ìyá wa, ẹ bọ́ síwájú."

Mi ò lè sọ bí mo ṣe rìn débẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Mọ́mì Bisikíìtì ti wọ gàù. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún pátákó.

"Màlúù ni a ò mọ iye ẹ̀. Ó di x. Orí ọgbọ̀n ló wà, tí x bá jẹ́ ti màlúù, ìyókù, ìyẹn ọgbọ̀n dín x, ti alápatà ni." Mo kọ 30 − x. "Màlúù kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Alápatà kan, ẹsẹ̀ méjì." Mo kọ 4x + 2(30 − x) = 84. Nígbà tí mo rí i tó tò lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo tú àkámọ́. Ọgọ́ta àti x méjì jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. X méjì jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Mo yíjú sí wọn.

"Màlúù méjìlá. Alápatà méjìdínlógún. Ẹsẹ̀ màlúù jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, ẹsẹ̀ alápatà jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ẹ rò ó pọ̀."

Wọ́n rò ó pọ̀. Ariwo sọ. Ọmọkùnrin tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé kí ni alápatà méjìdínlógún fẹ́ fi màlúù méjìlá ṣe, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi tó jókòó níwájú dìde dúró. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Ó ní, "Màmá mi nìyẹn o! Èmi ni wọ́n bí!"

Ó kó báàgì ẹ̀, ó sì bá mi lọ sẹ́yìn.

Ó ku bí oṣù kan kí a ṣe ìdánwò nígbà tí wọ́n gbé mi sí iṣẹ́ ọ̀sán, èyí tó máa ń di alẹ́, níbi iṣẹ́. Mi ò lè lọ sí Ọgbà nírọ̀lẹ́ mọ́. Mo rò pé ó ti tán. Ọmọ mi ní kò tán. Á lọ sí kíláàsì, á kọ gbogbo ohun tí Bàbá bá sọ, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́, á kọ́ mi ní tèmi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ tó le ni. Tí mo bá kánjú, á gbá tábìlì. "Mọ́mì, ẹ kà á tán ná!" Mo máa ń ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà."

Tí mo bá dúró nídìí bẹ́líìtì, gbogbo ohun tí ojú mi bá rí ni mo ń sọ di ìbéèrè. Tí páálí tó wà lọ́wọ́ mi bá fi mẹ́ta pọ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹni kejì mi lọ, tí àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ọgbọ̀n, mélòó ni tiẹ̀? Ẹni kejì mi yìí, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, gbọ́ tí mo ń dá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Alájọṣe mi, ṣé kò sí ìyọnu o?" Mo ní kò sí, pé x ni mò ń wá. Ó ní kí n bi súpáfáísọ̀, bóyá òun ló gbé e.

Ọjọ́ ìdánwò, ilé ìwé kan náà ni wọ́n pín èmi àti ọmọ mi sí, àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a tó pínyà, ó tún kọ́là aṣọ mi ṣe bíi pé èmi ni ọmọ. Kò sí ohun tó sọ ju pé, "Ẹ kà á tán."

Nínú ìbéèrè mi, àwọn tí mo mọ̀ wà, mo ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo bá ọ̀kan pàdé tó gùn bí ojú ọ̀nà. Òyìnbó inú ẹ̀ dí mi lójú. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo di ojú, mo sì rọra sọ ọ́ fún ara mi ní Yorùbá. Táńkì omi méjì ló wà. Ọ̀kan ní ọgọ́fà lítà, ó ń jò, lítà márùn-ún ń jáde nínú ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Èkejì ní ogójì lítà, wọ́n ń pọnmi sí i, lítà mẹ́ta ń wọ inú ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìgbà wo ni omi inú wọn máa dọ́gba?

Ṣé kò ju báyìí lọ? Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìṣẹ́jú ni a ò mọ̀, òun ni x. Èyí tó ń jò, 120 − 5x. Èyí tó ń kún, 40 + 3x. Àwọn fúnra wọn ló ní kó dọ́gba, mo fi àmì ìdọ́gba sí àárín wọn. Ọgọ́rin jẹ́ x mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, àádọ́rin lítà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, mo wo gbogbo àwọn ọmọ kéékèèké tó yí mi ká, ó sì ṣe mí bíi kí n kọrin.

Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ní Computer Village la ti yẹ èsì náà wò. Àárín ọjà ni, àwọn tó ń polówó fóònù ń pariwo lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ mi ló di fóònù náà mú, irin tí wọ́n fi ń tú fóònù ṣì wà lẹ́nu wọn. Ti ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. A1 ló gbà. Ọmọ mi ò pariwo, ó kàn ń mi orí, omijé ń dà lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣí ti Mọ́mì. Ẹ tètè ṣí ti Mọ́mì."

B3 ni tèmi.

Ìgbà yẹn ló wá pariwo. Ó pariwo débi pé àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìdojúkọ rò pé wọ́n jí fóònù gbé ni, ẹnì kan tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọkọ mi yọ irin kúrò lẹ́nu. Wọ́n ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi fóònù náà han àwọn èèyàn. "Ìyàwó mi rèé. Ọmọ mi rèé. Ìṣirò ni o!" Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ mí rí ń bọ̀ mí lọ́wọ́.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá wà nínú kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n wo èsì méjèèjì, wọ́n da ọ̀rọ̀ Èkìtì bolẹ̀, mi ò sì gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, àmọ́ ó dájú pé inú ò bí wọn.

Ọmọ mi ti wà ní yunifásítì báyìí, ẹ̀kọ́ oògùn náà ló ń kọ́. Èmi ti wà nínú yàrá àyẹ̀wò. Mo ń wọ ẹ̀wù funfun, mo ń jókòó lórí àga, mo ń wọn ìwúwo bisikíìtì, mò ń wo bí ó ṣe gbẹ tó. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, obìnrin Ìjẹ̀bú tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì máa ń wá bá mi pẹ̀lú ìwé ìṣirò. Òun náà ti forúkọ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wà nídìí ìbéèrè kan nípa nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn. Ó ti ń bá a fà á fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ ẹ̀ ti tutù. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Ó kọ nǹkan, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó wá lu tábìlì débi pé gbogbo ibi tí a ti ń jẹun yíjú sí wa.

Ó ní, "Mo rí i! Ẹ̀yin èèyàn, mo rí x!"